ÌWỌ̀N EKU NÌWỌ̀N ÌTẸ́: Ọ̀RỌ̀ ÌBỌN ỌDẸ TÓ BÁ OBÌNRIN MU

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìjoku àti káàkiri Ṣágámù: Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kò jọ ti ìgbà gbogbo. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í tètè san owó oṣù wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a óò padà bá wọn. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ alákòóso ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò nípàdé tó kọjá, a kan ìwé ìyá kan. Opó ni ìyá yìí. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn, ó sì ń yan gàrí tà. Owó oṣù rẹ̀ kì í pẹ́, kò sì jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Níbi tí a ti bèèrè ohun tí ó fẹ́ fi owó ṣe, ohun tó ní kí wọ́n bá òun kọ síbẹ̀ ni pé: “Láti ra ìbọn ọdẹ tí agbára mi ká.”

Ẹ̀rín pa wá. Bàbá kan ní ṣé ìyá yìí fẹ́ lọ jagun ni. Ẹlòmíràn ní bí ó bá ra ìbọn tán, kí ó ra fìlà ọdẹ kún un. A kò ní purọ́ fún yín, àwa tí a ń kọ ìwé yìí náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n alága ní kí a pè é wọlé kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ìyá náà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá mi, ọ̀yà ni. Bí mo bá dé oko láàárọ̀, ńṣe ni ẹ̀gẹ́ á sùn sílẹ̀ lọ bí ẹni pé wọ́n fi àdá gé e. Mo bẹ ọdẹ kan, mo sanwó fún un. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì, ó pa ọ̀kan, ó gbé e lọ, kò wá mọ́. Ìbọn ọkọ mi wà nígbà ayé rẹ̀, ọjọ́ tí mo sì dán an wò, ó gbá mi léjìká débi pé n kò lè gbé ọwọ́ sókè di irun orí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ mi kú, a dá ìbọn padà fún ọlọ́pàá. Mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe èyí tó bá obìnrin mu báyìí. Ohun tí mo ń bèèrè nìyẹn. Bí ọ̀yà bá jẹ oko mi tán, kí ni n óò fi san owó oṣù?”

Ẹ̀rín wọlé lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò má ṣáà ti lọ. Ìgbìmọ̀ wá pàṣẹ pé kí akọ̀wé lọ wádìí: ṣé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́? Ṣé òfin gbà fún obìnrin? Ṣé ohun tí ẹgbẹ́ lè yáni lówó lé lórí ni? Ohun tí a rí rèé.

OBÌNRIN ÀTI ÌBỌN KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ ÀNÁ

Ìlú tó kọ́kọ́ yẹ ká rántí ni Dàhòmì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí. Lọ́hùn-ún, àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní gbeto. Ọdẹ ni wọ́n, erin ni wọ́n sì ń pa. Ìbọn ṣakabùlà gígùn ni wọ́n ń gbé wọ igbó, wọ́n á sì gbé eyín erin wá fún ọba. Nígbà tó yá, wọ́n di ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ọmọ ogun obìnrin tí ọba Dàhòmì ní.

Àwọn Ẹ̀gbá kò lè gbàgbé wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1851, ogun ọba Gezo dé Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin oníbọn sì wà níwájú. Ìtàn sọ pé nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá rí i pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà, ojú tì wọ́n, wọ́n sì tún ara mú sí i. Wọ́n lé ogun náà padà. Dàhòmì tún wá ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, 1864, lábẹ́ ọba Glele, wọ́n tún lé wọn. Nígbà tí ọba Béhanzin ń múra láti bá Faransé jà ní 1892, ó ra ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní etí òkun, àwọn obìnrin ọmọ ogun rẹ̀ sì lò ó.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Àwọn ìyá wa tí kò yin ìbọn, wọ́n tà á. Ẹfúnróyè Tinúbú kó ìbọn àti ẹtù fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà ogun Dàhòmì, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Ní Ìbàdàn, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde, ni ẹni tí àwọn olóyè ogun ń gba ìbọn àti ẹtù lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn. Wọ́n gbà, wọn kò san. Nígbà tí ìyá dáwọ́ àwìn dúró, ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà náà sì wà lára ohun tó gbé ikú rẹ̀ wá ní 1874. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà láwìn, ẹ tún ibẹ̀ kà.

Àwa ará Rẹ́mọ náà kò sí lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà tiwa, láti Ìkòròdú gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá, ni ìbọn àti ẹtù ń gbà láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti Ìkòròdú, kó tó di pé àwọn ọmọ ogun òyìnbó láti Èkó wá lé wọn ní 1865. Ìnira irú ogun bẹ́ẹ̀ ló kó àwọn ìlú wa jọ di Ṣágámù ní 1872, Ìjoku sì wà lára àwọn ìlú mẹ́tàlá tó para pọ̀ náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ìbọn ṣàjèjì sí wa.

Ní òde òní ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ Adamawa, ọdẹ obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Aisha Bakari Gombi. Bàbá bàbá rẹ̀ ló mú un wọ igbó ọdẹ. Nígbà tí wàhálà Boko Haram dé, ó kó àwọn ọdẹ ọkùnrin sẹ́yìn, wọ́n sì ń tẹ̀lé àwọn sójà lọ lé àwọn apániláyà. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń pè é ní ọbabìnrin ọdẹ.

Lókè òkun náà, ní Òlíńpíìkì 1992 ní Barcelona, obìnrin ará Ṣáínà kan, Zhang Shan, bá ọkùnrin àti obìnrin díje pọ̀ nínú yínyin ìbọn sí àwo amọ̀ tó ń fò. Òun ló gba wúrà. Nígbà tí Òlíńpíìkì 1996 dé, wọn kò jẹ́ kí obìnrin kankan díje nínú eré náà mọ́. Ọdún 2000 ni wọ́n tó ṣe tiwọn lọ́tọ̀ fún wọn.

KÍ LÓ Ń MÚ ÌBỌN BÁ ÈÈYÀN MU?

A ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé agbára apá ni ọ̀rọ̀ ìbọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ó dà bí aṣọ tí a rán: kí a kọ́kọ́ wọn èèyàn ná.

Ìwọ̀n kìíní ni láti ibi irin tí ìka ń fà títí dé òpin ìdí ìbọn. Ìbọn tí ilé iṣẹ́ ṣe fún ọkùnrin sábà máa ń tó íńṣì 13 àbọ̀ sí 14 àbọ̀. Bí apá ẹni tó gbé e bá kúrú, á na ọrùn síwájú, á tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn, ìdí ìbọn kò sì ní fara mọ́ èjìká dáadáa. Nígbà tí ìbọn bá dún, àyè tó wà láàárín ìbọn àti èjìká yẹn ló fi ń rí ibi gbá ni. Ẹ ò wá rí i pé kì í ṣe àìlágbára ló ṣe ìyá wa yẹn lọ́jọ́ náà. Ìbọn ọkọ rẹ̀ gùn jù ú lọ ni.

Ìwọ̀n kejì ni ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ojú kò ní bá ojú ìbọn dọ́gba àfi kí èèyàn gbé orí sókè. Ìwọ̀n kẹta ni ìgun ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn. Lára obìnrin, ìgun yìí máa ń gún un láyà. Nítorí náà, ìbọn tí a ṣe fún obìnrin máa ń darí ìgun náà síta díẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Savage gbé ọ̀kan jáde ní 2012, wọ́n pè é ní Lady Hunter. Ní 2014, Syren bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìbọn tí wọ́n ṣe ní Ítálì fún obìnrin nìkan. Ní 2016, Weatherby gbé Camilla jáde. Orúkọ ìyàwó ọkùnrin tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Íńṣì 13 ni ìdí Camilla, wọ́n sì gbé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè. Ìyàtọ̀ íńṣì kan tàbí ìdajì lè dà bí ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n ẹ bi télọ̀ bí íńṣì kan lọ́rùn aṣọ bá kéré.

Ọgbọ́n kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fi dán ìbọn wò ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn yín pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ ká apá, ẹ fi ìdí ìbọn ti inú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ na ìka síwájú. Bí ìka kò bá dé ibi irin tí à ń fà, ìbọn náà gùn jù yín. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí wọ́n tan yín pátápátá.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ohun kan. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìbọn fúyẹ́fúyẹ́ ló yẹ obìnrin. Àṣìṣe ni. Bí ọta kan náà bá jáde nínú ìbọn wíwúwo àti èyí tó fúyẹ́, èyí tó fúyẹ́ ló ń gbá ni jù, nítorí ìwúwo ìbọn ló ń gba díẹ̀ nínú agbára yẹn mọ́ra. Ẹni tó bá fúyẹ́ ìbọn gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ọta pẹ̀lú.

Ọ̀RỌ̀ ỌTA TUNTUN

Ibí ni ọ̀rọ̀ kátíríìjì ti wọlé. Nínú ìbọn ọdẹ tó ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ “nọ́ńbà 12” àti “nọ́ńbà 20”. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: bí a bá fi òjé ṣe bọ́ọ̀lù tó bá ihò ìbọn náà mu gẹ́lẹ́, méjìlá irú rẹ̀ ni yóò wọn pọ́n-ùn kan, tàbí ogún. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ihò ìbọn ń kéré. Ihò nọ́ńbà 12 fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 18 àbọ̀; ti nọ́ńbà 20 fẹ̀ díẹ̀ ju 15 àbọ̀ lọ.

Kátíríìjì nọ́ńbà 12 tí àwọn ọdẹ ń lò sábà máa ń gbé gíráàmù 28 sí 36 òjé. Ti nọ́ńbà 20 sábà máa ń gbé 24 sí 28. Wọ́n sì ti ń ṣe kátíríìjì nọ́ńbà 12 tó gbé gíráàmù 24 péré, èyí tí kì í gbá ni púpọ̀. Ẹ má pè é ní ọta ọmọdé o: gíráàmù 24 yìí náà ni wọ́n fi ń díje ní Òlíńpíìkì. Fún ọ̀yà tó wà nítòsí, ọta wẹ́wẹ́ tó lọ tààrà dára ju èyí tó pọ̀ tí ẹni tó yìn ín ti di ojú kó tó fà á.

Ìbọn ráífù, tó ń yin ọta kan ṣoṣo lọ sí ọ̀nà jíjìn, náà ti ní ọta tuntun. Ní 2007, Hornady gbé 6.5 Creedmoor jáde. Ọta rẹ̀ sábà máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù mẹ́sàn-án, nígbà tí ti .30-06, tó ti wà láti 1906, sábà máa ń tó 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbá ni tó ti àtijọ́, síbẹ̀ ó ń pa ẹran ńlá. Ní 2019, Winchester tún gbé .350 Legend jáde, kì í gbá ni púpọ̀ bákan náà. Àwọn obìnrin lókè òkun fẹ́ràn wọn, àwọn ọkùnrin tí èjìká ń dùn pàápàá ti ń sá wá síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní tiwa, a kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti wá ráífù nítorí ọ̀yà. Ọta ráífù lè lọ ju kìlómítà mẹ́ta lọ bí kò bá rí ohun dá a dúró. Oko wa ní Rẹ́mọ sún mọ́ ilé, ó sún mọ́ ọ̀nà, ó sún mọ́ oko ẹlòmíràn. Ọta wẹ́wẹ́ kì í sábà lọ ju nǹkan bíi 300 mítà, ìyẹn pàápàá tó láti ba ojú èèyàn jẹ́. Ẹni tí kò bá rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹran, kó má yìn ín.

ÌKÌLỌ̀ KAN TÍ Ó LÈ GBA Ẹ̀MÍ LÀ

Bí ìbọn nọ́ńbà 12 àti nọ́ńbà 20 bá wà nínú ilé kan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọta wọn dàpọ̀. Kátíríìjì nọ́ńbà 20 lè wọ inú ìbọn nọ́ńbà 12, kó yọ̀ síwájú, kó há sínú ihò. Ẹni tó gbé e á wò ó, á rò pé ìbọn ṣófo, á ti nọ́ńbà 12 sí i lẹ́yìn. Bó bá yìn ín, ìbọn á bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi máa ń pa ara kátíríìjì nọ́ńbà 20 láró yẹ́lò, kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Kí ọkọ má fi ọta tirẹ̀ sínú àpò ìyàwó, kí ìyàwó má fi tirẹ̀ sínú àpò ọkọ.

ÒFIN ŃKỌ́?

Òfin Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959 ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní rárá, bí ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn sójà. Èkejì ni ìbọn tí èèyàn lè ní bó bá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, bí ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì àti ráífù ọdẹ. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń ki láti ẹnu. Ìyẹn náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Àwọn tí òfin ní kí wọ́n má fún ní ìwé àṣẹ nìyí: ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. A ka àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. “Obìnrin” kò sí níbẹ̀.

Ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló ni ín. Bí ọkọ tàbí bàbá bá kú, tí ìbọn rẹ̀ sì wà lókè àjà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọlọ́pàá kí ọlọ́pàá tó wá bá yín, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa yìí ti ṣe. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ìbọn lọ bá alágbẹ̀dẹ tàbí káfíńtà àdúgbò pé kó bá òun gé ìdí rẹ̀ kúrú. Òfin kò gbà kí èèyàn kàn máa rọ ìbọn tàbí kó máa tún un ṣe láìgba àṣẹ. Yàtọ̀ sí òfin, irin àgbélẹ̀rọ ti gba ìka lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ PINNU

A kó gbogbo èyí padà wá síwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó lójú. Àwọn kan ní bí a bá yá ọ̀kan lówó ìbọn, gbogbo ìlú á wá. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ ti yá ọkùnrin lówó ìbọn rí, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló pa wá lẹ́nu mọ́.

Níkẹyìn, ìgbìmọ̀ fẹnu kò báyìí. Kìíní, kí ìyá gba apá kan nínú owó náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó fi bẹ àwọn tí yóò ro ẹ̀bá oko rẹ̀ mọ́ yíká, kó sì ra wáyà láti fi ṣe ọgbà. Inú koríko gíga ni ọ̀yà ń fara pamọ́ sí. Kò fẹ́ràn kó gba ibi tó mọ́ kedere kọjá. Ìbọn tó dára jù lọ kò lè ṣọ́ oko tí igbó ti yí ká. Ìkejì, owó ìbọn yóò dúró lọ́wọ́ akápò títí ìwé àṣẹ yóò fi jáde lórúkọ ìyá fúnra rẹ̀. Ìkẹta, ẹgbẹ́ kò ní kó owó náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba fún láṣẹ láti ta ìbọn ni a óò san án fún. Ìkẹrin, ìyá yóò lọ kọ́ bí a ṣe ń lò ó lọ́dọ̀ ọdẹ àgbà kan kó tó gbé e wọ oko. Onídùúró méjì ni yóò mú wá, bí a ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Nígbà tí alága bèèrè ẹni tí yóò dúró fún un, bàbá tó bèèrè lọ́jọ́sí pé ṣé ogun ló fẹ́ lọ jà ni ẹni àkọ́kọ́ tó na ọwọ́ sí bírò. Ó ní ọ̀yà kan náà ló ń jẹ oko òun.

Títí di àsìkò tí a ń kọ ìwé yìí, ìwé àṣẹ kò tíì jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ro ẹ̀bá oko náà, wáyà ti dúró, ìyá sì ti tún ẹ̀gẹ́ gbìn. Bí ìwé náà bá jáde, ẹ óò gbọ́. Bí wọn kò bá sì fún un, ẹ óò gbọ́ pẹ̀lú, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n bá sọ.

Ẹ̀yin ìyá tí ọ̀yà, ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bọ ń jẹ oko yín, ẹ má ṣe pa á mọ́ra. Ẹ wá rí akọ̀wé. A kò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ má gbàgbé láti mú ìwé owó yín dání wá sí ìpàdé gbogbogbò. Ẹni tí kò bá tíì san owó oṣù rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú akápò.